Ṣé Haramu Ni Mọ́fíìnì Fún Alárùn Jẹjẹrẹ Tí Kò Lè Mí Dáadáa?

Bismillahi Rahmani Rahimi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá àìsàn, tí ó sì dá oògùn. Kí ikẹ́ Rẹ̀ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo sahaba rẹ̀.

Ìbéèrè kan ń dé etí mi láti ẹnu oríṣiríṣi ènìyàn, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ ní gbangba. Ìbéèrè náà ni pé: bí àrùn jẹjẹrẹ bá wọ ènìyàn lára títí èémí fi di ìṣòro fún un, tí dókítà sì kọ oògùn mọ́fíìnì fún un pé kí ó máa mu ún, ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí mu ún? Àwọn kan ní haramu ni, wọ́n ní ẹbí igbó àti kokéènì ni. Àwọn kan ní oògùn tí wọ́n fi ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní yóò gba làákàyè aláìsàn, tí kò fi ní lè ka kalimatu shahada nígbà tí ó bá ń lọ. N kò fi ìbẹ̀rù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó bí wọn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí kò ní ìmọ̀ lẹ́yìn lè di ohun tí a fi ń fìyà jẹ aláìsàn.

BÍ ÌNIRA ÈÉMÍ TI RÍ

Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ bí ó ti rí. Ènìyàn lè fara da ebi. Ó lè fara da òùngbẹ fún wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fara da àìrí èémí mí? Aláìsàn yóò máa mí gúlegúle bí ẹni tí ó ru àpò sìmẹ́ńtì gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí àga ni ó jókòó sí. Kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò sọ, tí yóò dákẹ́ kí ó tó tún mí. Ẹ̀rù a máa bà á, ẹ̀rù náà a sì tún máa mú kí èémí há sí i.

Ohun tí ó ń fà á pọ̀. Jẹjẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró gan-an. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọmú tàbí ibòmíràn kí ó tó ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Omi lè gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí kò fi ní lè fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dín kù lára. Òtútù àyà lè wọlé. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ni láti wá èyí tí ó ṣe é tún ṣe nínú wọn: yóò fa omi jáde, yóò fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, yóò fún un ní oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn. Nígbà tí a bá ṣe gbogbo èyí tán tí èémí kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ mọ́fíìnì ń wọlé.

Ibì kan wà tí àwọn ará wa ń ná owó dànù sí. Bí wọ́n bá ti rí i pé èémí ń ni aláìsàn lára, wọn a sáré ta ilẹ̀, wọn a ta mọ́tò, kí wọ́n lè ra ọ́síjìn. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Australia, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 239 tí àìsàn wọn ti dé ìpele ìkẹyìn, tí èémí ń ni lára, ṣùgbọ́n tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n fún àwọn kan ní ọ́síjìn, wọ́n fún àwọn yòókù ní afẹ́fẹ́ lásán láti ihò imú bákan náà, aláìsàn kò sì mọ èyí tí òun ń gbà. Ọ́síjìn kò ṣe ju afẹ́fẹ́ lásán lọ fún wọn. Ẹni tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ nílò rẹ̀ o. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka ni dókítà fi ń mọ̀. Ṣùgbọ́n fún àwọn yòókù, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ tàbí fáànù sí aláìsàn lójú, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ má sì jẹ́ kí èrò kún inú yàrá. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, kò sì ná wa ní ilẹ̀ bàbá wa.

OÒGÙN NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Inú oje ewéko kan ni mọ́fíìnì ti wá. Oje náà ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní afiyunu, tí àwọn òyìnbó ń pè ní ópíọ̀mù. Kì í ṣe àjèjì sí àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí àtijọ́. Ibn Sina, tí ó kú ní ọdún 1037, kọ nípa rẹ̀ nínú al-Qanun, ìwé ìṣègùn rẹ̀ ńlá, ó kà á mọ́ àwọn ohun tí ń pa ìrora, ó sì sọ ewu rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 ni apòògùn ará Jámánì kan, Friedrich Sertürner, yọ mọ́fíìnì jáde láti inú oje náà. Ní ọdún 1967, dókítà obìnrin kan, Cicely Saunders, ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní London. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kẹ́kọ̀ọ́ pé a lè fún alárùn jẹjẹrẹ ní mọ́fíìnì ní ẹnu, ní àsìkò tí ó yẹ àti ní ìwọ̀n tí ó yẹ, kí ara sì tù ú. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ ka àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní, ní ọdún 1977, mọ́fíìnì wà nínú wọn. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Báwo ni ó ṣe ń ran èémí lọ́wọ́? Kì í wo jẹjẹrẹ sàn, kì í sì í fi afẹ́fẹ́ kún ẹ̀dọ̀fóró. Inú ọpọlọ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọpọlọ ni ó ń gbọ́ igbe ara pé èémí kò tó. Mọ́fíìnì a máa rẹ igbe náà sílẹ̀, kí aláìsàn lè mí wọ́ọ́rọ́ dípò kí ó máa bá èémí jìjàkadì. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò mu ún rí kéré púpọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mìlígíráàmù 2.5 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Arúgbó, tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, lè gba èyí tí ó kéré sí i tàbí tí ó jìnnà síra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ní ọdún 2003, àwọn oníṣègùn ní Australia fún ènìyàn 48 ní mìlígíráàmù 20 lójúmọ́, irú èyí tí ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú. Ìnira èémí wọn dín kù, oorun wọn sì dára sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe alárùn jẹjẹrẹ. Àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ní ọdún 2022, ìwádìí mìíràn lórí ènìyàn 156 tí wọ́n ní irú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀ kò rí àǹfààní kan gbòógì. Nítorí náà àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn. Ní ti alárùn jẹjẹrẹ tí àìsàn rẹ̀ ti le gan-an, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà gbà nínú ìlànà wọn ti ọdún 2021 pé bí abẹ̀bẹ̀ àti àwọn ọ̀nà tí kì í ṣe oògùn kò bá tó, kí a fi mọ́fíìnì tàbí irú rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹnì kan yóò rí ìtura púpọ̀, ẹnì kan yóò rí díẹ̀, ẹnì kan lè má rí rárá. Ẹni tí kò bá ràn lọ́wọ́, dókítà yóò dá a dúró fún un.

ÌBẸ̀RÙ ÀKỌ́KỌ́: PÉ HARAMU NI

Ọlọ́hun ka ọtí léèwọ̀ nínú Suratul Maidah, kò sì sí ẹni tí ó lè yí i padà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà onímọ̀ kò da gbogbo ohun tí ó ń kan làákàyè pọ̀ sínú agbọ̀n kan. Nínú mazhabi Imamu Maliki tí àwa Yorùbá ń tẹ̀lé, al-Qarafi, onímọ̀ ńlá ti ilẹ̀ Íjíbítì tí ó kú ní ọdún 1285, ṣe àlàyé nínú ìwé rẹ̀ al-Furuq pé mẹ́ta ni wọ́n: èyí tí ń pa ènìyàn bí ọtí tí orí rẹ̀ a máa yá gágá, èyí tí ń kun ènìyàn lóorun, àti èyí tí ń ba làákàyè jẹ́. Ti ọtí nìkan ni ìjìyà hadd wà fún, òun nìkan ni ó sì jẹ́ ẹ̀gbin tí ń ba aṣọ ìrun jẹ́. Ní ti àwọn méjì yòókù, tí afiyunu wà lára wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò dé ibi tí yóò gba làákàyè kì í ṣe haramu. Ẹ rí i pé àwọn bàbá wa nínú ìmọ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún dín díẹ̀ sẹ́yìn.

Kódà ká ní ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́hun ti ṣe àlàyé nínú Suratul Baqarah pé ẹni tí ìnira bá mú débi pé ó jẹ nínú ohun èèwọ̀, tí kì í ṣe pé ó ń wá adùn, tí kò sì kọjá àlà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ohun tí àwọn onímọ̀ fikhi ń pè ní darura nìyẹn. Wọ́n sì fi ìdè kan sí i: bí ìnira bá ti tó ni ìyọ̀ǹda náà ṣe tó, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí dókítà kọ ni àlà wa.

Mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín. Ẹ ti rí ohun tí omi ikọ́ oníkodíìnì àti tramadol ti sọ àwọn ọmọ wa dà. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ni ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de omi ikọ́ tí ó ní kodíìnì nínú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọmọ ìta tí ó ń mu ún nítorí kí orí rẹ̀ lè yá, àti ìyá àgbàlagbà tí ó ń mu ún nítorí kí ó lè mí, níyà wọn kò papọ̀, Ọlọ́hun sì ń fi níyà ṣe ìdájọ́ iṣẹ́. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1961 tí ó fi òfin de àwọn oògùn wọ̀nyí gan-an gbà pé a kò lè ṣe aláìní wọn fún ìtọ́jú ìrora àti ìyà.

ÌBẸ̀RÙ KEJÌ: PÉ Ó Ń PA ÈNÌYÀN

Islam kò gbà kí a pa aláìsàn, ìbáà jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ bẹ̀ wá. Suratun Nisai kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí dókítà bá sọ pé òun fẹ́ fún ènìyàn ní oògùn kí ó lè tètè kú, ẹ lé e jáde. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́fíìnì tí ó pọ̀ jù lè dá èémí dúró, òtítọ́ ni. Iyọ̀ tí ó pọ̀ jù pàápàá lè pa ènìyàn. Ìwọ̀n kékeré tí a ń bù fún aláìsàn, tí a sì ń fi kún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú oníṣègùn, kì í ṣe ohun tí ń gé ẹ̀mí kúrú. Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Jẹjẹrẹ ni ó ń pa aláìsàn náà. Nítorí pé ìgbà ìkẹyìn ni a sábà máa ń gbé oògùn yìí wá ni àwọn ènìyàn ṣe rò pé òun ni ó pa á.

ÌBẸ̀RÙ KẸTA: Ọ̀RỌ̀ KALIMA

Èyí ni ó ń dun àwọn ọmọ jù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́. Jẹjẹrẹ ọmú ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìgò oògùn náà ti wà lójú fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò ṣí i. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni ó fàmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ó ní, “Àfáà, oògùn àwọn ọmọ ìta ni wọ́n fẹ́ kí n fún ìyá mi. Ṣé kí n fi ọwọ́ ara mi gba kalima lẹ́nu rẹ̀?” Mo wọlé tọ ìyá lọ. Ó jókòó sórí àga, ó fi orí lé tábìlì. Mo ní kí ó jẹ́ kí a jọ ka Fatiha. Kò lè ka ju ọ̀rọ̀ méjì lọ kí ó tó dúró mí, nígbà tí ó sì dé ìdajì ó mi orí, ó dákẹ́.

Mo jáde sí ọmọ náà, mo ní, “Kalima tí ò ń bẹ̀rù rẹ̀ yìí, èémí ni a fi ń kà á. Ìyá rẹ kò ní èémí.” Mo ní kí a jọ lọ bá dókítà. Dókítà náà fi sùúrù ṣe àlàyé ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ní oorun lè kùn ún díẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, pé lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yóò dá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní ọjọ́ kẹrin ìyá sùn lórí ìrọ̀rí láti alẹ́ di ìdájí. Kò sàn o, a kò sì sọ pé yóò sàn. Ṣùgbọ́n ó rí èémí pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó sì sọ fún wọn pé owó àjọ àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ẹgbẹ́ òun mẹ́ta wà lọ́wọ́ òun, ó dárúkọ wọn, ó sọ iye ti ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ibi tí òun tọ́jú rẹ̀ sí. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ tí ó mọ̀ nípa owó yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo ìdí gbèsè àti amọ́nà nínú ẹ̀sìn wa, kí ẹ wò ó bí ìyá náà bá gbé e lọ sí sàréè nítorí pé kò rí èémí sọ ọ́.

Ojú oorun ni ó kú sí, ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ó ní kò sí ẹni tí ó gbọ́ kalima lẹ́nu rẹ̀ ní wákàtí náà. Mo bi í pé kí ni ó sọ kẹ́yìn. Ó ní lẹ́yìn ìrun iṣai òun rán an létí kalima, ó sì kà á já, kò tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn títí ó fi sùn. Ohun tí àwọn onímọ̀ wa sọ nípa talkini nìyẹn: bí ẹni tí ń lọ bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan, kí a má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ àyàfi bí ó bá tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí tí ó kà ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Ọmọ náà sunkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

ÌRUN ÀTI ÀÁWẸ̀

Ẹni tí kò lè dúró, kí ó jókòó kírun. Ẹni tí kò lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ó sì fi orí ṣe ìtọ́ka. Bí omi bá ni í lára, kí ó ṣe tayamamu. Mazhabi wa gbà fún aláìsàn pé kí ó pa ayilá pọ̀ mọ́ alásàrí, àti màgàríbà pọ̀ mọ́ iṣai. Bí oorun oògùn bá gbé e kọjá àsìkò, kí ó kírun nígbà tí ó bá jí.

Ní ti ààwẹ̀ Ramadan, mo ń gbọ́ pé àwọn aláìsàn kan a máa dá oògùn dúró ní ọ̀sán nítorí ààwẹ̀. Kò tọ́. Oògùn oníwákàtí mẹ́rin mẹ́rin kò bá ààwẹ̀ rìn, Ọlọ́hun sì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti jẹun. Ẹni tí a kò retí pé kí ó gbádùn mọ́, kò sí sísan ààwẹ̀ padà fún un. Kí wọ́n máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ohun tí ó dára nínú mazhabi Maliki.

ÌKÌLỌ̀ ÀTI ÌPÈ

Ẹ má ra mọ́fíìnì lọ́jà, ẹ má sì fún aláìsàn ní ti ẹlòmíràn. Ẹ fi ohun ìwọ̀n tí ilé ìwòsàn fún yín wọ̀n ọ́. Ṣíbí ìdáná kì í ṣe ohun ìwọ̀n. Inú aláìsàn yóò máa kún, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò máa le, nítorí náà láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti béèrè oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Èébì lè máa gbé e ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa lọ. Ẹ má fi oògùn oorun kún un láìsọ fún dókítà. Bí aláìsàn bá ń sùn tí kò ṣe é jí, tí èémí rẹ̀ sì ń falẹ̀ gidigidi, ẹ má fún un mọ́, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dá a dúró lójijì lẹ́yìn tí ó ti mu ún pẹ́. Ẹ tì í mọ́ àpótí kí ọmọdé má bàa dé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dá èyí tí ó bá kù padà.

Ní ilé wa níbí, ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo sì wà lára àwọn tí ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ń kú ní ìlú kékeré láìrí ìkán oògùn yìí kan. Ní Uganda, tí kò lówó jù wá lọ, láti ọdún 1993 tí dókítà Anne Merriman ti dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ni wọ́n ti ń po ẹ̀tù mọ́fíìnì mọ́ omi fún aláìsàn nínú ilé rẹ̀. Ní ọdún 2004, òfin ibẹ̀ gbà kí àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà máa kọ ọ́ fún aláìsàn. Ohun tí àwọn ará Uganda ṣe, ìjọba wa lè ṣe é.

Ẹ̀yin imáàmù ẹgbẹ́ mi, ẹ fi èyí kún wàásù yín. Ẹ̀yin olówó, aláìsàn tí ó jẹ́ tálákà wà lára àwọn tí zakat tọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí oògùn wọn wọ inú ìṣirò yín. Ẹ̀yin ọmọ, bí dókítà bá gbé ìgò yìí lé yín lọ́wọ́, ẹ béèrè gbogbo ohun tí ó bá rú yín lójú lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ àfáà tí ó mọ̀wé, kí ẹ sì ṣe é ní ọjọ́ kan náà, nítorí aláìsàn kò lè dúró mí lọ́la.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìtura, kí Ó ṣe àìsàn wọn ní ìparẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí Ó sì fi kalimatu shahada pa àtẹ̀ ọ̀rọ̀ gbogbo wa dé. Amin. Wasalamu alaikum.